Nígbà Tí Epo Oòrùn Bá Tán, Níbo Ni Ọmọ Ènìyàn Yóò Wà?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipasẹ̀ wọn.

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tí ń ba àwẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ saka. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Ìbéèrè àwọn ọmọ wa ló bí i. Àwọn ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé gíga ní Alápòtí níhìn-ín, ní Adó-Odò, ní Àtàn àti ní Ọ̀tà, wọ́n ń kà á nínú ìwé wọn pé oòrùn tó ń ràn lókè yìí, iná ni, àti pé iná náà yóò kú lọ́jọ́ kan. Wọ́n wá ń bi wá pé: "Àáfà, ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, kí la wá ń làkàkà fún?" Àwọn òbí mìíràn tó gbọ́ ìbéèrè yìí fi ariwo ta ni. Wọ́n ní kí ọmọ má ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́, kó má baà di kèfèrí.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Ìbéèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn Mùsùlùmí tó ṣáájú wa sì ti fi ọpọlọ bá a jìjàkadì.

ỌJỌ́ TÍ OÒRÙN ṢÓKÙNKÙN NÍ MẸ̀DÍNÀ

Ní 27 January, ọdún 632, òṣùpá bo oòrùn lójú, ojú ọjọ́ sì ṣú ní Mẹ̀dínà. Ọjọ́ náà bọ́ sí àkókò tí Ibrahim, ọmọkùnrin Ànábì wa, kú. Ọmọ ọwọ́ ni. Ni àwọn ènìyàn bá ń wí pé oòrùn ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ẹ wò ó o: bó bá jẹ́ ẹni tó ń wá òkìkí ni, ìgbà yẹn ni ìbá dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa tàn ká. Ànábì wa kò dákẹ́. Ó kírun gígùn pẹ̀lú wọn, ó sì là á yé wọn pé àmì méjì ni oòrùn àti òṣùpá jẹ́ nínú àwọn àmì Ọlọ́hun, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni tàbí ìbí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní ọdún 1,300, síbẹ̀ kò tíì wọ gbogbo etí. Ní oṣù January ọdún 2001, òṣùpá ṣókùnkùn ní Maiduguri. Àwọn ọ̀dọ́ kan tú jáde, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn kan ní ìgboro ló fà á, wọ́n sì kọlu ilé ọtí àti òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tó fi máa di 29 March 2006, tí òṣùpá tún máa bo oòrùn pátápátá ní apá kan orílẹ̀-èdè wa, ìjọba ti yáa ké gbàjarè ṣáájú pé kí ẹnikẹ́ni má fòyà. Ẹ̀yin ará, ẹni tí kò mọ bí òṣùpá ṣe ń rìn lè ba dúkìá ọmọlàkejì jẹ́ kó sì rò pé òun ń ṣe ẹ̀sìn. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ sánmà kì í fi í ṣe eré fún àwa Mùsùlùmí.

IMAMU GHAZALI ÀTI ÌDÁHÙN RẸ̀ FÚN GALEN

Orúkọ Imamu Abu Hamid al-Ghazali kò ṣàjèjì ní ilé-kéú wa. Ọdún 1058 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 1111. Ní 1095 ó parí ìwé kan tó fi tako àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ìgbà rẹ̀, Tahafut al-Falasifa. Nínú ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ òṣùpá tó ń bo oòrùn. Ó ní ìṣirò àwọn onímọ̀ lórí èyí dájú, àti pé ẹni tó bá dìde láti máa jà á níyàn ní orúkọ ẹ̀sìn, ẹ̀sìn gan-an ló ń ṣe ní jàǹbá, nítorí ẹni tó mọ ìṣirò náà kò ní ṣiyè méjì sí ìṣirò; ẹ̀sìn ni yóò máa ṣiyè méjì sí.

Ibi tó kan wa jù lónìí wà nínú orí kejì. Àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ń sọ pé ayé àti sánmà kò ní í tán láé. Ẹ̀rí tí wọ́n gbé dìde ni ti Galen, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejì. Galen ní: bí oòrùn bá jẹ́ ohun tó lè tán, à bá ti rí i kó máa joro. Àwọn tó ń wò ó láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sì rí i pé bó ṣe tóbi látijọ́ náà ló tóbi. Nítorí náà, kò lè tán.

Kí ni Ghazali fi fèsì? Kò bínú, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó ní: àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń sọ pé oòrùn tóbi ju ilẹ̀ ayé lọ ní ìlọ́po 170 tàbí ní sàkání ibẹ̀. Bí irú nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀ bá pàdánù ohun tó tó òkè ńlá, ṣé ojú ènìyàn lè rí i láti ìhín? Ó ṣeé ṣe kó ti máa joro tipẹ́, kí ojú wa máà tó o.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ìdáhùn yẹn wọ̀ mí lára. Ọkùnrin náà kò ní awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn, kò sí iná mànàmáná nígbà ayé rẹ̀. Kò sọ pé òun ti wọn ọ̀nà tí oòrùn ń gbà joro. Ohun tó sọ kò ju pé "a kò rí i" yàtọ̀ sí "kò sí". Ó gba nǹkan bí ọdún 800 kí ọmọ aráyé tó mọ̀ pé ibi tó fojú sùn gan-an ni òótọ́ wà.

OHUN TÓ Ń JÓ NÍNÚ OÒRÙN

Ní ọdún 1925, obìnrin onímọ̀ kan, Cecilia Payne, fi hàn pé afẹ́fẹ́ haidirójìn ló pọ̀ jù nínú oòrùn àti ìràwọ̀. Ní 1939, Hans Bethe ṣàlàyé bí haidirójìn náà ṣe ń para pọ̀ di híílíọ̀mù, tí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ń di ooru àti ìmọ́lẹ̀. Ohun tó ń di ìmọ́lẹ̀ yìí, tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 4 ni ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí a bá gba àwẹ̀ fún wákàtí 13, láti ìgbà tí a ti pa ẹnu mọ́ títí a ó fi ṣínu, oòrùn ti pàdánù ohun tó lé ní tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 180. Síbẹ̀, láti bílíọ̀nù ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ tí oòrùn ti ń jó, ohun tó ti bá ìmọ́lẹ̀ lọ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n rẹ̀. Galen wò ó, kò rí nǹkan kan. Ghazali ló jàre.

Àwa tí a ń gbé agbègbè yìí ní àpẹẹrẹ nítòsí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ní Sàǹgó àti Ọ̀tà, ẹ mọ bí iná ìléru ṣe ń rí. Irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ń kó wá, tí ẹ ń yọ́ di ọ̀pá irin ìkọ́lé, inú ìràwọ̀ ni Ọlọ́hun ti sè é. Ìràwọ̀ tó bá wúwo ju oòrùn wa lọ ní ìlọ́po 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀, á máa jó ohun kan di òmíràn títí ohun tó wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀ yóò fi di irin. Irin kò ní ooru kankan tó lè fún ìràwọ̀ mọ́. Bó bá ti débẹ̀, ìràwọ̀ náà á dà wó, á bú gbàmù, á sì tú ẹrù inú rẹ̀ ká sánmà. Nínú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ayé ti rí irin rẹ̀, àti irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi àti tiyín. Mùsùlùmí tó bá rántí pé Súrà kan wà tó ń jẹ́ Irin nínú Àlùkùránì, ó tọ́ kó ronú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Kò yẹ ká máa fi tipátipá so gbogbo aaya mọ́ gbogbo ìwé sáyẹ́ǹsì. Ìwé sáyẹ́ǹsì á máa yí padà bí ìwádìí bá ṣe ń pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kì í yí.

JAMAL NAZRUL ISLAM: MÙSÙLÙMÍ TÓ ṢE ÌṢIRÒ ÒPIN

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú sánmà, òyìnbó nìkan ni ọ̀pọ̀ rò pé ó wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi ìṣirò wádìí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí gbogbo àgbáńlá ayé ní ọjọ́ jíjìn réré ni Jamal Nazrul Islam. Wọ́n bí i ní 1939 ní ìlú Jhenaidah, ní ilẹ̀ tó di Bangladesh lónìí. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge ní 1964, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀, ní àkókò kan náà pẹ̀lú Stephen Hawking.

Ní 1977 ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbẹ̀yìn àgbáńlá ayé. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń sọ ti ìbẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ ni ó ń ronú nípa òpin. Freeman Dyson, àgbà onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí òun náà kọ ti rẹ̀ jáde ní 1979, tó ń béèrè bóyá ẹ̀dá alààyè lè wà títí láé bó bá ń dín ìnáwó agbára rẹ̀ kù, tó ń sùn gbọọrọ bí ẹranko tó wọ ihò. Ní 1983, Islam sọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ di odindi ìwé, Cambridge University Press ló tẹ̀ ẹ́.

Ẹ gbọ́ èyí tó kù, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún àwa tí àwọn ọmọ wa ń sáré lọ sí òkè òkun. Ní 1984, ọkùnrin yìí fi ipò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀, ó kó ìdílé rẹ̀, ó padà sí Chittagong ní ìlú rẹ̀, sí owó oṣù tí kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ó dá ibùdó ìwádìí ìṣirò àti físíìsì sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ títí tó fi kú ní March 2013. Ẹni tó mọ̀ pé ìràwọ̀ gbogbo yóò kú, kò tìtorí ìyẹn káwọ́ lẹ́rán.

ÒǸKÀ ỌDÚN TÓ Ń BẸ NÍWÁJÚ

Kí ni ìṣirò àwọn onímọ̀ wá sọ títí di òní?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣùpá, òṣùpá kan náà tí a máa ń gbójú sókè wá kí a tó gba àwẹ̀. Ní July 1969, àwọn tó bá ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá gbé dígí kan sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ilẹ̀ ayé ni wọ́n ti ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i láti fi wọn ọ̀nà. Wọ́n rí i pé òṣùpá ń jìnnà sí wa ní sẹ̀ǹtímítà 3.8 lọ́dọọdún, bí ìbú ìka méjì. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún, yóò ti jìnnà débi pé kò ní lè bo oòrùn tán mọ́.

Ní bíi bílíọ̀nù ọdún kan, oòrùn á ti gbóná sí i ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Òkun á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ní nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 5, epo àárín oòrùn á tán, á wú, á pọ́n, á gbé àwọn ayé tó sún mọ́ ọn mì, ó sì ṣeé ṣe kó gbé ilẹ̀ ayé yìí náà mì. Lẹ́yìn náà á sùn di eérú gbígbóná kékeré tí yóò máa tutù lọ.

Ní 1929, Edwin Hubble ti fi hàn pé àwọn agbo ìràwọ̀ ń sá fún ara wọn. Ní 1998, ẹgbẹ́ olùwádìí méjì rí i pé sísá náà ń yára sí i ni. Ó fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní 2011. Bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, àsìkò ń bọ̀ tí àwọn agbo ìràwọ̀ tó jìnnà kò ní ṣeé rí mọ́ rárá. Ní nǹkan bí tírílíọ̀nù 100 ọdún, ìràwọ̀ tuntun kò ní máa wáyé mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ku àwọn ihò dúdú, tí Hawking sọ ní 1974 pé àwọn náà ń joro díẹ̀díẹ̀. Kí èyí tó tóbi jù nínú wọn tó tán, iye ọdún rẹ̀ á tó 1 tí òdo 100 tẹ̀ lé.

Ṣé gbogbo rẹ̀ ti dájú bí òní ṣe dájú? Rárá o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń sọ pé dájúdájú agbo ìràwọ̀ wa yóò kọlu Andromeda. Ìwádìí tó jáde ní 2025 sọ pé bóyá ni, ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwọ̀n kan tó jáde ní 2024 àti 2025 náà ń mú wọn ro ó wò bóyá agbára tó ń lé àwọn agbo ìràwọ̀ jìnnà ń rẹ̀wẹ̀sì. Onímọ̀ tòótọ́ kì í tijú láti tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n tẹ ibì kan mọ́lẹ̀ dáadáa. Òǹkà yìí kì í ṣe ọjọ́ Alikiyaamọ. Bí o bá wo epo inú fìtílà, o lè sọ pé yóò tàn di ìdájí. Òótọ́ lo sọ nípa epo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni fìtílà lè fẹ́ ẹ pa ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Àlùkùránì ti sọ fún wa nípa ọjọ́ tí a ó ká oòrùn kò tí ìràwọ̀ yóò já bọ́, ó sì fi yé wa pé ọ̀dọ̀ Olúwa nìkan ni ìmọ̀ àkókò rẹ̀ wà. Sáyẹ́ǹsì ń wọn epo. Ọwọ́ Ẹni tó ni fìtílà ni ọ̀rọ̀ pípa rẹ̀ wà. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, ọmọ rẹ̀ lè ka ìwé ìmọ̀ ìràwọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ìmáànì rẹ̀ kò ní jò.

ỌWỌ́ TIWA ŃKỌ́?

Àwa náà kì í ṣe ẹni tó jókòó sẹ́yìn ilé nínú ìtàn yìí. Nígbà tí John Glenn yí ayé po nínú ọkọ̀ òfurufú ní 20 February 1962, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tó ń bá a sọ̀rọ̀ wà ní Kano. Ní 1998 ni wọ́n ṣí ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 27 September 2003, sátẹ́láìtì wa àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, gbéra láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní 2017, àwọn ọmọ Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́ ní ọwọ́ nínú sátẹ́láìtì kékeré kan, NigeriaEduSat-1.

Ṣùgbọ́n ohun tí yóò pẹ́ jù lọ nínú ohun tó ti apá ibí lọ, ìlù ni. Ní 1977, Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ méjì, Voyager 1 àti 2, lọ sí ojú sánmà. Àwo orin oníwúrà kan wà lára ìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìkíni ní èdè 55. Èdè Lárúbáwá wà níbẹ̀; Yorùbá kò sí, Haúsá kò sí. Ṣùgbọ́n ìlù kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Cengunmé, ìlù àwọn ará Mahi ní ilẹ̀ Benin, aládùúgbò àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pè é ní ìlù Senegal, nítorí wọn kò kọ ibi tó ti wá sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwo náà lè wà fún bílíọ̀nù ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ìlú wa bá ti di erùpẹ̀, ìlù náà á ṣì wà nínú òkùnkùn sánmà. Ẹ wá ro ó wò: ohun tó pẹ́ tó báyìí, orúkọ elòmíràn ni wọ́n kọ sí i lára. Ohun tí a bá ní, tí a kò kọ sílẹ̀ fúnra wa, ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀PẸ TÓ WÀ LỌ́WỌ́ RẸ

A padà sí ìbéèrè àwọn ọmọ wa: bí gbogbo rẹ̀ bá máa tán, kí la ń làkàkà fún? Anas ọmọ Malik gba hádíìsì kan wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì wa, pé bí Alikiyaamọ bá fẹ́ dé, tí èèhù ọ̀pẹ kan sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wa, bó bá lè gbìn ín kó tó dé, kó gbìn ín. Ta ni yóò jẹ èso ọ̀pẹ yẹn? Kò sẹ́ni. Síbẹ̀ a ní kó gbìn ín. Iṣẹ́ rere kò dúró de ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kó tó ní láádá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá béèrè ọ̀rọ̀ oòrùn àti ìràwọ̀, ẹ má gbá a létí. Ẹ ra ìwé ìṣirò fún un bí ẹ ṣe ń ra aṣọ ọdún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ Kùránì, kí ẹ sì kọ́ físíìsì. Ghazali kò rí ìjà láàrin ìrun àti ìṣirò. Ẹ̀yin aṣáájú mọ́sáláṣí, ìwé kan lórí òṣùpá àti ìràwọ̀ nínú yàrá ìkàwé mọ́sáláṣí lè gbà wá lọ́wọ́ ìjà ojú òṣùpá tó ń bẹ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun tó bá ní ìbẹ̀rẹ̀ á ní òpin, ṣùgbọ́n a kò ní fi iṣẹ́ òní sílẹ̀ torí òpin ọ̀la.

Ọlọ́hun, Ìwọ tí oòrùn àti òṣùpá ń rìn ní àṣẹ Rẹ, má jẹ́ kí ìmọ̀ wa di ìgbéraga, má jẹ́ kí àìmọ̀ wa di ìjà. Fi ìmọ̀ tó wúlò jíǹkí àwọn ọmọ wa. Gba àwẹ̀ wa, gba ìrun wa, foríjin àwọn òkú wa. Àmín.

Asalaamu alaekun waramọtulahi wabarakaatuhu.